Mo Gbé Ìwé Tí Kò Tíì Parí Lọ sí Ṣúpárè

Ìwé ilẹ̀ kan ni ó gbé mi kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ṣúpárè Àkókó, inú ìtàn tí mò ń kọ ni ìwé ilẹ̀ náà sì wà. Ọkọ obìnrin kan kú, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, àwọn àbúrò ọkọ sì ń wá ìwé náà lójú méjèèjì. Ó di dandan kí obìnrin yìí gbé e pamọ́. Bí wọ́n bá tètè rí i, ìtàn ti tán. Bí wọn kò bá sì lè rí i láéláé, kò sí ohun tí yóò máa já òǹkàwé láyà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òkè àjà, ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ: gbogbo ibi tí mo ronú kàn ni òǹkọ̀wé mìíràn ti lò rí. Ìlú Àkókó ni mo fi ìtàn náà sí, ọmọ Ìbàdàn sì ni mí. Mo gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó ń gbé láàárín àpáta àti oko iṣu yóò mọ ibi tí èmi ará Mọ́kọ́lá kò lè mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ṣúpárè ní kí n lọ bá ìyá òun. Nínú oṣù kejì ọdún, mo palẹ̀ ìwé àti aṣọ díẹ̀ mọ́, ó di gáréèjì.

Mo gbé iṣẹ́ dání. Ohun tí mo fi ń jẹun ni kíka ìwé àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí n wo sípẹ́lì àti àmì ohùn lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Owó ìwé ìtàn kì í tètè dé, bó bá sì dé, kì í pẹ́ lọ́wọ́. Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, ìwé wà lórí itan mi nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà sí Òkè-Igbó àti Oǹdó. Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903, n kò sì lè kọjá níbẹ̀ kí n má ronú nípa iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Tíṣà ni ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Nígbà tó yá, ó bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń ṣètò ìwé. Lẹ́yìn náà ni ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann, ó sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Ẹnu ìrìnàjò ni ó wà nígbà tí omi gbé e lọ ní Bídà ní oṣù kejìlá 1963. Láàárín gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ti rí àyè kọ ìwé ìtàn márùn-ún, tí ó tún kọ Ìrìnàjò, ìwé alápá méjì nípa lílọ rẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ òun yóò dilẹ̀ kí òun tó kọ ìwé, Fágúnwà ni mo fi ń dá a lóhùn.

A kọjá Akúrẹ́, a kọjá Ọ̀wọ̀, òkè sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́tùn-ún lósì. Àwọn àpáta tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá ọ̀nà ti di ibi ìsáǹkan, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ funfun nini lórí wọn. Kajú ti pọ́n. Àwọn ọmọ gbé e sínú abọ́ lẹ́nu títì, òórùn rẹ̀ sì bá wa wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn Ọ̀bà Àkókó, a dé Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn ti wà láti 1999. Ìwé ti di òwò gidi nílùú náà, ṣọ́ọ̀bù títẹ ìwé àti ṣíṣe fọ́tòkọ́pì fara ti ara wọn. Mo fojú sàmì sí ọ̀kan, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ yóò gbé mi padà wá síbẹ̀. Ọ̀kadà ni ó gbé mi dé Ṣúpárè.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀bòlò ni wọ́n gbé fún mi kí wọ́n tó bi mí léèrè nǹkan kan.

"Jẹun ná," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní o ń wá ibi tí wàá tọ́jú nǹkan sí. Ẹni tí ebi ń pa kì í mọ ibi ìpamọ́."

"Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ ó bá mi wá a ni."

"A ó wá a."

Ìdájí ni mo máa ń kọ̀wé, kí oòrùn tó gun orí àpáta. Ìlànà mi kò yàtọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Ṣúpárè. Báírò àti ìwé àkọsílẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé ọ̀tún ni ìtàn ń gbà, mo sì máa ń fi ti òsì sílẹ̀ fún àtúnṣe àti ìbéèrè. Kí n tó dìde, mo gbọ́dọ̀ kọ ìbéèrè kan sí ojú ewé òsì, ìbéèrè tí n ó rí ẹni bi kí ilẹ̀ tó ṣú. Ta ni ó ń sanwó alágbàṣe bí baálé ilé bá ti kú? Báwo ni obìnrin ṣe ń dá ẹrù tó wúwo sọ̀ kalẹ̀ lórí bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a sọ̀ ọ́? Ọ̀sán wà fún iṣẹ́ àwọn tó ń sanwó fún mi. Bí iná bá wà, mo máa ń tẹ ohun tí mo kọ sínú kọ̀ǹpútà, àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì, àmì ìsàlẹ̀ lábẹ́ ẹ àti ọ. Iṣẹ́ yìí kì í yá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí ọ̀rọ̀ tó lékè, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò bá wúlò kò níí wu èèyàn láti fi àmì sí lórí.

Alẹ́ ni ohun tí mo torí rẹ̀ wá ń ṣẹlẹ̀. Màmá a gbé àga síta, àwọn obìnrin àdúgbò a kó ẹ̀gúsí tí wọ́n fẹ́ bó wá, màá sì kàwé fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyàwó ilé tó wá láti Àrìgìdì, tí èdè abínibí rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Ṣúpárè. Àkókó rí bẹ́ẹ̀: ìlú kan lè má gbọ́ èdè ìlú tó múlé gbè é, Yorùbá ló sì so wọ́n pọ̀. Òun ni mo máa ń wò bí mo bá ń kàwé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lórí ẹ̀gúsí, gbólóhùn náà ti wọlé. Bí ó bá wojú ẹni tó jókòó tì í, gbólóhùn náà ti gùn jù, màá sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ní alẹ́ tí mo ka orí tí opó náà ti gba ìwé ilẹ̀, mo dákẹ́, mo bi wọ́n pé níbo ni kí ó gbé e sí. Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ilé. Ẹnì kan ní kí ó gbé e fún pásítọ̀. Òmíràn ní pásítọ̀ lè jẹ́ ọ̀rẹ́ àbúrò ọkọ. Ẹnì kan ní inú ìkòkò, wọ́n bi í pé ṣé inú ìkòkò kọ́ ni gbogbo olè máa ń kọ́kọ́ wò ni? Màmá kò tíì sọ̀rọ̀.

"Obìnrin yìí," ni wọ́n wí níkẹyìn, "ṣé ó ní oko?"

"Ó ní in, Màmá. Oko iṣu."

"Kí ló wá ń wá nínú ilé?"

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yẹn gbà wọlé sí mi lára pọ̀. Mo rántí I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Láti 1929 dé 1930 ni ó ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ bí lẹ́tà tí obìnrin kan ń kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, kí ó tó di ìwé. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́, wọ́n sì ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti ní àwùjọ tí ń fèsì. Àwọn tó yí mi ká ní Ṣúpárè ń ṣe ohun tí àwọn ará Èkó ìgbà náà ṣe: wọ́n ti mú opó mi bí aládùúgbò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dùn wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá kan tó jẹ́ àna Màmá mú mi lọ sí oko. Ọ̀gbà iṣu wọn wà lábẹ́ ibòji igi. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ nà á ní ìbú, wọ́n sì so iṣu mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lórí èkejì, láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ lè ká. Okùn kò fún iṣu lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì dẹ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò hàn mí ibi tí ìka yóò ti gbà wọlé láti mọ̀ bóyá iṣu ti ń rà. Ọ̀wọ́ tó wà níwájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nítorí òun ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n sì ń tà. Ọ̀wọ́ tó wà lẹ́yìn pátápátá kún síbẹ̀, iṣu rẹ̀ kéré, ó sì ti ń yọ ọ̀mùnú.

"Kí ni èyí, Bàbá?"

"Èbù ni. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Ìkà tó burú jù pàápàá kò jẹ́ jẹ èbù, nítorí ó mọ̀ pé òun náà yóò jẹun lọ́dún tó ń bọ̀."

Mo bi wọ́n pé bí ènìyàn bá so kèrègbè kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn èbù, tí ìwé sì wà nínú rẹ̀, yóò pẹ́ tó ìgbà wo kí a tó rí i. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí àwọn Ẹ̀bìrà tí wọ́n gbà sí iṣẹ́ ti ń kọ ebè.

"Títí tí a ó fi gbìn. Lọ́jọ́ náà, alágbàṣe tó bá wá ru èbù ni yóò rí i."

Ìdáhùn náà dé pẹ̀lú gbèdéke lọ́wọ́. Inú ilé, ìwé lè sùn títí ayé. Nínú ọ̀gbà iṣu, òjò ni ó ń ka ọjọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́lé, ọwọ́ àjèjì ń sún mọ́ kèrègbè, opó kò sì lè sọ pé kí wọ́n má gbìn. Àwọn àbúrò ọkọ kò ní láti wá ohunkóhun mọ́. Ọdún ni yóò wá a fún wọn. Mo jókòó sórí ebè kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo kọ orí náà láàárọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Àkùngbá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti sàmì sí. Nígbà tí Màmá ń lọ ra nǹkan ní Ìkàré, mo bá wọn lọ. Ìkàré ni ọjà gbogbo Àkókó ń wọ́ lọ bá, mo sì fẹ́ mọ bí ìwé Yorùbá ṣe ń rìn níbẹ̀. Ẹni tó ń tàwé kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: èyí tí wọ́n bá yàn fún ìdánwò àṣekágbá ni àwọn òbí ń wá béèrè. Bó ṣe rí ní Ìbàdàn náà nìyẹn. Síbẹ̀ ó mọ orúkọ Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, ó ní sinimá tí Túndé Kèlání fi ṣe ní 1997 ni òun kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìtàn náà di ohun tí à ń gbọ́ létí ni ó tún rí ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kà á níléèwé.

Ní alẹ́, mo ka orí tuntun náà. Nígbà tí alágbàṣe na ọwọ́ sí ẹ̀yìn èbù, ẹnikẹ́ni kò bó ẹ̀gúsí mọ́. Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi gbà á. Ìyàwó ilé tó wá láti Àrìgìdì ní alágbàṣe gbọ́dọ̀ gbé ìwé fún opó, nítorí òun ni ó ń fún un lóúnjẹ lóko. Màmá ní alágbàṣe kò mọ̀wé kà, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò gbé ohun tó bá rí fún, ọwọ́ àbúrò ọkọ ni owó iṣẹ́ sì ti ń wá. Ẹjọ́ méjèèjì tọ̀nà. Mo kọ wọ́n sí ojú ewé òsì, àárín wọn ni orí tó tẹ̀ lé e sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí à ń kọ ìtàn ní Yorùbá máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìnira wa: owó ìtẹ̀wé, òǹkàwé tó ń dín kù, ìjọba tí kò náání èdè. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ìkáwọ́ wa tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, kí a kà á sókè fún àwọn tó ń gbé irú ayé tí a kọ sínú rẹ̀. Kí ẹni tó kọ nípa apẹja lọ kà á fún apẹja, kí ẹni tó kọ nípa ilé-ìwòsàn kà á fún nọ́ọ̀sì lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn ni yóò sọ ibi tí irọ́ wa kò ti jọ òótọ́, àwọn náà ni yóò sì fún wa ní òótọ́ tó dùn ju irọ́ wa lọ. Ìtàn mi ṣì ku orí díẹ̀. Mo ti bá Màmá ṣàdéhùn pé kí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn tó rí wọn, etí Ṣúpárè ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ wọn.