Gbogbo Wọn Ló Ń Jẹ́ Ẹnjiníà: Báwo La Ṣe Lè Mọ Ẹni Tó Mọṣẹ́?

Ní Ayigya níbí, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, bí ẹ bá pariwo "Ẹnjiníà!" lójú títì, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta ló máa yíjú. Ọ̀kan ń tún fóònù ṣe, ọ̀kan ń tún fíríìjì ṣe, ẹ̀kẹta ń jó irin. Ẹni kẹrin tí kò yíjú rárá lè jẹ́ olùkọ́ ní KNUST, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ nípa afárá. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwa tí a ti Nàìjíríà wá, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ìbàdàn àti Òṣogbo. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Iṣẹ́ èdè ni à ń ṣe, nítorí náà orúkọ yìí máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin ń jẹ́ ẹnjiníà. Ní Jámánì, òfin ló ń ṣọ́ orúkọ náà, ẹni tí kò kàwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi pe ara rẹ̀. Ní Nàìjíríà, a ti sọ ọ́ di oyè tí à ń fi síwájú orúkọ bíi Dókítà tàbí Olóyè. Láti 1970 ni òfin Nàìjíríà ti dá COREN sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Ghana náà ṣe òfin tirẹ̀, Act 819, ní 2011. Ṣùgbọ́n nígbà tí omi bá ń jò nílé ìdáná, ta ló ń rántí òfin? Ẹnjiníà ti di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, bí ìgbà tí à ń pe èèyàn ní ọ̀gá. A kò bínú sí ìyẹn. Ẹni tó fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ́ṣẹ́ kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, ọ̀wọ̀ tọ́ sí i. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé a máa ń gba orúkọ náà bí ẹ̀rí pé èèyàn mọṣẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú yàrá àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó sì ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó. Lánlọ́ọ̀dù rán ọkùnrin kan sí wa. Wọ́n kọ ẹnjiníà sí àyà ẹ̀wù rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò béèrè ohunkóhun, kò sì pa iná lójú mítà. Ó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó ní iná tó pọ̀ jù ló fà á, ó gbowó, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn yẹn padà, nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí.

Bàbá kan láti Zongo ni aládùúgbò wa bá wa pè lẹ́yìn náà. "Master" ni wọ́n ń pè é. Twi àti Haúsá ló ń sọ, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa. Bàbá náà kọ́kọ́ bi wá léèrè: "Kí lẹ máa ń kì bọ ibẹ̀? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé iná yàrá kejì náà máa ń ṣẹ́jú?" Ó pa iná lójú mítà, ó fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná ti lọ lóòótọ́, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wáyà inú ògiri ló tín-ín-rín ju ohun tó ń gbé lọ, ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀ sì ti tú. Kẹ́tù oníná tó jẹ́ 2,000 wáàtì máa ń fa ámpù bíi 9 lórí iná 230 fóòtì. Bí ẹ bá tún fi áyọ́ọ̀nù kún un lórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà, ooru ni yóò máa kó jọ sínú ògiri.

Bàbá náà so ibi tó tú, ó fi wáyà tó ti jó dúdú hàn wá, ó sì ní kí a má ṣe lo sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Ó ní fífa wáyà tuntun sí gbogbo ilé ju ohun tí òun lè ṣe lọ, kí lánlọ́ọ̀dù wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ Energy Commission. Òótọ́ ló sọ. Láti 2011 ni òfin wáyà ilé, L.I. 2008, ti wà ní Ghana pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ ló gbọdọ̀ fa wáyà sínú ilé, kí olùyẹ̀wò sì wò ó. Bó ṣe mọ ibi tí agbára òun mọ yìí ló mú ká gbà pé ọ̀gá ni.

Láti ìgbà yẹn, ohun márùn-ún la máa ń wò:

Àkọ́kọ́ ni ìbéèrè. Ẹni tó bá ti ń ka ohun tí ẹ ó rà kó tó fojú kan ibi tó bàjẹ́, ẹ rọra bá a lò.

Èkejì ni ìdí. Ẹ bi í pé, "Kí ló fà á?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ "ó kàn bàjẹ́ ni," kò tíì rí i. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé ní èdè tó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ló mọṣẹ́ dáadáa tí Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kó hàn.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Ẹni tí kò bá ṣọ́ ẹ̀mí ara rẹ̀ kò ní ṣọ́ tiyín.

Ẹ̀kẹrin ni ohun àtijọ́. Ẹ ní kó kó ohun tó yọ fún yín, kó sì fi ibi tó ti jẹ hàn yín.

Ẹ̀karùn-ún ni iṣẹ́ àná. Ẹ béèrè ilé tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, kí ẹ lọ wò ó bóyá ó ṣì dúró.

Ẹ má rò pé à ń fojú di ìwé o. Ní 1972, yunifásítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí dá Technology Consultancy Centre sílẹ̀. Ní 1980, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì àti wẹ́dà ní Kumasi, kí ìmọ̀ yunifásítì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí fírídọ́ọ̀mù nìkan kò tó fún. Òpó ilé alájà jẹ́ ọ̀kan. Ní November 7, 2012, ilé ìtajà alájà kan wó ní Achimota, nílùú Accra, èèyàn 14 sì kú. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ ń wo ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún àti ìdí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ máa pe oníṣẹ́ yín ní ẹnjiníà bó bá dùn mọ́ ọn, kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ bí ẹ ṣe ń béèrè ohun tó fà á.