Ta Ló Wo Igbà Náà?



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan nínú yín á fi mí rẹ́rìn-ín. Kò burú. Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá, mo bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú nígbà tó wà lókè. Ọkọ̀ náà ò bàjẹ́, epo ò tán nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tì mí. Èmi fúnra mi ni mo lọ, orí mi sì pé.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í gun àkàbà. Tí a bá fẹ́ gbé àwòrán kọ́ ògiri níléèwé, àwọn ọmọ ni mo máa ń ní kí wọ́n gùn ún, màá wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀rù òkè ti wà lára mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún 12, mo sì mọ ibi tó ti wá.

Akọ̀pẹ ni bàbá mi. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò CEP ni igbà já mọ́ ọn nídìí. Mo wà nísàlẹ̀, mò ń ṣa ẹyìn tó fọ́n ká sínú koríko. Mo gbọ́ ìró kan tí mi ò lè fi wé nǹkan kan, nígbà tí mo sì gbójú sókè, kò sí ẹnì kankan lórí igi mọ́. Kò kú, a dúpẹ́. Oníṣègùn eegun tọ́jú ìbàdí rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò gun ọ̀pẹ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀pá ló fi ń rìn títí di òní.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú, òun àti Ìyá Ẹlẹ́kọ tó wà ní agbo ilé kejì ti jà nítorí ewúrẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà pé obìnrin náà ló já igbà bàbá mi. Ilé wa ò ra ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́. A ò kí i mọ́. Tí èmi bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, màá yíjú sápá kejì. Ọdún 32 la fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọkọ̀ òfurufú. Àbúrò mi kan ń gbé ní Marseille, ní ilẹ̀ Faransé. Mo lọ kí i nígbà ìsinmi, ó sì ti ra ìwé ìfò sílẹ̀ dè mí láì béèrè lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí mi ni. Mo bi í pé èló ni. Ó ní ó lé ní 250 euro. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ó ju 160 000 sẹ́fà lọ! Mo ní kó lọ gba owó náà padà, ó ní wọn kì í dá a padà. Ẹ wá wo olùkọ́: kì í ṣe ìgboyà ló gbé mi lọ, owó tí mi ò fẹ́ kó ṣòfò ni.

Tallard ni wọ́n ń pe ibẹ̀, lẹ́bàá ìlú Gap, láàárín àwọn òkè Alpes. Pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré ni, àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n wọ̀n mí, wọ́n fún mi ní aṣọ tó bo gbogbo ara, wọ́n sì fi mí lé moniteur kan lọ́wọ́. Ọkùnrin kúkurú kan ni, kò lè ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó kọ́ mi ní nǹkan mẹ́ta péré: tí a bá jáde, kí n tẹ ara mi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹsẹ̀ wà lẹ́yìn, kí orí náà wà lẹ́yìn, kí n má ṣe di ohunkóhun mú, tí a bá fẹ́ balẹ̀, kí n gbé ẹsẹ̀ mi sókè.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ènìyàn ni kí ẹ gbọ́. Ìkọ́ mẹ́rin ni: méjì ní èjìká, méjì ní ìbàdí. Wọ́n fi í so ẹ̀yìn èmi mọ́ àyà rẹ̀. Àwa máa ń pọn ọmọ sẹ́yìn. Tèmi, iwájú ni wọ́n pọ̀n mí sí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ mi mọ̀ pé mi ò lè kọjá láì ṣàlàyé díẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, André-Jacques Garnerin, ló kọ́kọ́ fi páráṣúùtì sọ̀kalẹ̀ láti inú bàlúùnù ní Paris, lọ́dún 1797. Ṣùgbọ́n pé kí ènìyàn méjì so pọ̀ bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ páráṣúùtì kan ṣoṣo, kò tíì pẹ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú àpò tó wà lẹ́yìn moniteur, páráṣúùtì ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Tí àkọ́kọ́ bá kọ̀, ìkejì wà. Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ń ka bí a ṣe ń sáré tó àti bí ilẹ̀ ṣe sún mọ́ wa tó. Bí moniteur bá dákú lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ yẹn á ṣí ìkejì fúnra rẹ̀.

Ọkọ̀ gbéra. Ó gùn ún tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé 4 000 mítà. Òkè Sokbaro ní Atakora, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ó ga jù lọ ní Benin, 658 mítà ni. Ẹ fi mẹ́fà irú rẹ̀ léra. Nílẹ̀, ooru ń mú. Lókè, òtútù wọ inú ìbọ̀wọ́ mi.

Ọkùnrin náà ti yẹ àwọn ìkọ́ àti okùn wò nílẹ̀. Ó tún wò wọ́n kí a tó wọ ọkọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó tún bẹ̀rẹ̀: ó fọwọ́ kàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fà á, ó tún fà á. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ti wò ó tẹ́lẹ̀ ni?" Ó ní òun kì í gbára lé ohun tí òun rántí, ohun tí ọwọ́ òun bá kàn nìkan lòun ń gbà gbọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí mo ti gbàgbé láti ọdún 32. Àkísà pupa. Igbà bàbá mi ní ibì kan tó ti ń fàya, ó sì fi àkísà pupa wé ibẹ̀. Mo rí i lọ́mọdé. Ọ̀sẹ̀ tó ṣubú yẹn gan-an ni mo rí i.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mi ò ráyè ronú mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti wà níta, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Mo pe Ọlọ́run, mo pe ìyá mi, a sì ti lọ.

Ẹ má rò pé inú yín á máa já bí ìgbà tí ẹ bá lá àlá pé ẹ ń ṣubú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, afẹ́fẹ́ ti ń tì wá sókè tó bí ìwúwo wa ṣe ń fà wá sílẹ̀, nítorí náà eré náà ò pọ̀ sí i mọ́. Páráṣúùtì kékeré kan tó wà lẹ́yìn wa tún ń dá wa dúró díẹ̀, torí ènìyàn méjì wúwo. Síbẹ̀, eré náà tó 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń gbọ̀n bí aṣọ tí a sá sínú ìjì. Mo lanu láti ké, afẹ́fẹ́ ti igbe náà padà sí mi lọ́fun. Bí ìṣẹ́jú kan ò tíì pé, nǹkan fà wá sókè pẹ̀lú agbára, gbogbo ariwo sì dá.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mi ò ní gbàgbé. A rọ̀ sójú ọ̀run ní nǹkan bí 1 500 mítà. Mo rí odò Durance, mo rí oko èso ápù ní ìlà ìlà, mo rí omi adágún Serre-Ponçon lókèèrè. Mo gbójú sókè wo àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé wa, mo sì bú sẹ́kún. Moniteur rò pé ayọ̀ ni. A fi ìdí balẹ̀ sórí koríko, àbúrò mi ń ya fọ́tò.

Nígbà tí mo padà dé Kétu, mo lọ bá bàbá mi nínú ìyẹ̀wù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ròyìn fún un. Mo retí pé á bínú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní:

"Ta ló wo igbà náà?"

"Ẹni tó fò pẹ̀lú mi ni, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wò ó."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ò wo tèmi lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní, "Bàbá, mo rántí àkísà pupa."

Ó ní, "Ó ti gbó. Mo mọ̀. Tí mo bá jókòó hun òmíràn, ọjọ́ méjì á lọ, bẹ́ẹ̀ owó ìdánwò rẹ ò tíì pé. Mo ní kí o ṣe é tán ná."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kí wọ́n sọ pé Ìyá Ẹlẹ́kọ ni?"

"Èmi ò dárúkọ rẹ̀. Mo dákẹ́ ni. Bí mo bá ní igbà ló gbó, wọ́n á ní owó ìwé ọmọ ló gbé mi ṣubú. Ìwọ náà á gbọ́. O ò ní lè jókòó sí kíláàsì mọ́."

Mi ò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti kú láti ọdún mélòó kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bàbá mi rọra rìn lọ síbẹ̀, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí a ò rìn fún ọdún 32. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ṣí fìlà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà gbọ́, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, títí ìyá wa fi kú, ó ń béèrè ohun tí òun fi ṣẹ̀ yín."

Kò sọ pé òun dárí jì wá. Kò lé wa náà. Bàbá mi ní kó di ẹ̀kọ mẹ́wàá fún wa. Ó dì í, ó ka owó náà, ó sì gbà á. Inú mi dùn pé ó gbà á, torí oníbàárà ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ti ń rà.

Ẹ̀yin ará wa, bóyá ó wà nínú agbo ilé tiyín náà, ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn irú èyí kàn látọjọ́ pípẹ́, tí ẹ jogún àìkí rẹ̀ bí èmi ṣe jogún rẹ̀. Tí àgbà tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ bá ṣì wà láyé, ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ohun tí bàbá mi bi mí.

Àwọn tó sì fẹ́ bi mí bóyá màá tún fò: rárá o. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo gun àkàbà gbé àwòrán kọ́ ògiri. Àwọn ọmọ ló bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo wò ó dáadáa kí n tó gùn ún.