Fadá kan, àgbẹ̀ 19: bí ọtí pupa ṣe sọ abúlé Barbaresco dolókìkí

Ẹni tó bá kúrò nílùú Turin, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Ítálì, tó forí lé ọ̀nà Alba, yóò rí òkè lọ́tùn-ún, yóò rí òkè lósì. Ọgbà àjàrà ló tò sára wọn, àfi bí irun tí onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ dì tán. Orí ọ̀kan nínú àwọn òkè yìí ni Barbaresco wà, tí odò Tanaro ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀ ẹ̀. Ilé ìṣọ́ gogoro àtijọ́ kan ló kọ́kọ́ máa ń yọ sí àlejò lókèèrè. Àwọn tó ń gbé abúlé náà ò tó 700, ṣùgbọ́n ọtí pupa tó ń jẹ́ orúkọ abúlé ọ̀hún ti dé Amẹ́ríkà.

Èso àjàrà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é, Nebbiolo lorúkọ ẹ̀. Nebbia ni àwọn ará Ítálì ń pe kùrukùru, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá, torí ìgbà tí kùrukùru bá ń bo òkè lóṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń kórè ẹ̀. Kì í ṣe ọtí oníkánjú o. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ dé ọjà àfi tó bá lo oṣù 26, inú àgbá onígi ló sì gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Iṣẹ́ tiwọn, orúkọ tẹlòmíì

Láyé àtijọ́, èso lọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà ń tà. Àwọn tó rà á lọ á fi ṣe Barolo, ọtí abúlé mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn, orúkọ tẹlòmíì. Lọ́dún 1894 ni Domizio Cavazza, ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọtí wáìnì ní Alba, kó àgbẹ̀ mẹ́sàn-án jọ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọtí fúnra wọn. Àmọ́ láyé ìjọba Mussolini, òfin ọrọ̀ ajé àwọn Fàṣíìsì ló ti ẹgbẹ́ náà pa.

Fadá bọ́ sọ́rọ̀ náà

Lọ́dún 1958, Fadá Fiorino Marengo, àlùfáà ìjọ Àgùdà abúlé náà, wò ó pé bí kálukú bá ń dá ti ẹ̀ ṣe, àwọn tí ilẹ̀ wọn ò ju bíńtín lọ ò ní í lè dúró. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ló bá pe àgbẹ̀ 19 jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Produttori del Barbaresco sílẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe ọtí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ tiwọn sọ́ọ̀ọ́kán ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Lónìí, ìdílé tó wà nínú ẹgbẹ́ ti lé ní 50, ilẹ̀ wọn sì tó nǹkan bíi hẹ́kítà 110. Kálukú ló ni ilẹ̀ ẹ̀, òun náà ló ń ro ó. Èso ni wọ́n ń kó pọ̀. Kì í sì í ṣe pé kéèyàn kàn da apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó gbowó. Wọ́n á yẹ èso wò, bó bá ṣe dáa sí lowó ẹ̀ ṣe máa pọ̀ sí. Ọ̀lẹ tó bá fẹ́ sá pamọ́ sáàárín èrò, àpò ẹ̀ ló máa sọ fún un.

Ibi tọ́rọ̀ ti le nìyí. Ọgbà mẹ́sàn-án kan wà tí èso wọn gbayì jù, lára wọn ni Asili, Rabajà àti Montestefano. Tọ́dún bá dáa, wọ́n á ṣe ọtí ọgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, owó ẹ̀ sì máa ń ju ti gbogboogbò lọ. Ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá ṣe ségesège, wọn ò ní í dá a ṣe rárá, inú ọtí gbogboogbò ni wọ́n á po gbogbo ẹ̀ sí. Owó ni wọ́n ń gbé jù sílẹ̀ yẹn, torí kórúkọ má baà bàjẹ́.

Lójú títì kan náà ni ilé ọtí ìdílé Gaja wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1859, tí ìgò wọn wọ́n bí ojú. Orúkọ ìdílé kan ló wà lára ìgò tiwọn. Ní ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yìí, ẹni bá ra ìgò ọ̀kan nínú àwọn ọgbà mẹ́sàn-án náà, kó yí i sẹ́yìn wò. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ tó ni ọgbà ló wà níbẹ̀. Àwọn tí wọn kì í dárúkọ wọn láyé ijọ́sí nìyẹn.