Iná Dé Tán, Ilé Ṣókùnkùn

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò kan ní Ìbàdàn ti máa ń ké "Up NEPA!" bí iná mànàmáná bá dé. Bàbá kan níbẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, a máa rẹ́rìn-ín sí wọn láti orí àga rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, igbe náà ti rọlẹ̀. Iná ń wà, ṣùgbọ́n inú òkùnkùn ni ilé bàbá wà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù náà ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, kúrò lórí náírà 68 fún yúnìtì kan, kí wọ́n máa san 225. Ìlérí dára, ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ ni wọn kò bi léèrè. Bàbá ra káàdì 5,000 náírà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Yúnìtì tó lé ní 65 ló máa ń rí tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 20 ló wọlé. Mítà ló kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà tó ka gílóòbù ilé, márùn-ún ni, àwọn oníná pupa àtijọ́, oní-60 wáàtì, tí wọn kì í pa láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Láàárín wákàtí 12, wọ́n ń jẹ yúnìtì 3.6, ìyẹn náírà 810 lóru kan. Ó fi LED oní-9 wáàtì rọ́pò gbogbo wọn, owó náà sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí náírà 122. Ibi tó yẹ kó dúró sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mítà ti wọ bàbá lára: ó ń ti yàrá dé yàrá pa iná, títí kan ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti ṣi ẹsẹ̀ gbé lóru ọjọ́ kan, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ sì wú. Ìyá kò pariwo. Nígbà tí bàbá ń fi omi gbígbóná jó o fún un, ó ní:

"Bàbá, nígbà tí NEPA kì í mú iná wá, ẹ̀yin náà lẹ máa ń gbé àtùpà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí."

Bàbá kò fèsì. Ó mú bírò. Gílóòbù kan ṣoṣo, òru mọ́jú: náírà 24. Áyọ́ọ̀nù oní-1,000 wáàtì tí àwọn ọmọ fi ń lọ aṣọ láràárọ̀, bó bá gbóná fún wákàtí kan gbáko: náírà 225, owó iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún òru mẹ́sàn-án. Áyọ́ọ̀nù kì í sì í tan ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ojú kì í lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Yàrá bàbá ni áyọ́ọ̀nù ń sùn báyìí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń jáde. Iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà ní títàn.