Àárẹ̀ Yàtọ̀ sí Ọ̀lẹ

Nínú gbogbo orúkọ tí a lè fi pe akẹ́kọ̀ọ́, kò sí èyí tí ó korò létí mi tó "ọ̀lẹ". Wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì ẹ̀kọ́ mi, nígbà tí ibà ti lọ ṣùgbọ́n tí ara mi kò tí ì gba iṣẹ́. Àìsàn tí ó ṣe mí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní infectious mononucleosis.

Ibà líle ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Bèlúbèlú mi wú, ohun funfun bò ó, itọ́ ṣòro láti gbé mì, kókó sì yọ ní ìhà méjèèjì ọrùn mi. Gbogbo wa pè é ní ibà ẹ̀fọn, títí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi sọ òmíràn.

Ní ọdún 1964 ni Anthony Epstein, Yvonne Barr àti Bert Achong rí kòkòrò tí ó ń fà á ní Lọ́ńdọ́nù, nínú jẹjẹrẹ tí a gbé wá láti Uganda. Orúkọ àwọn méjì ìṣáájú ni ó sì ń jẹ́. Itọ́ ni ó ń bá rìn, ife tí a jọ ń mu sì lè gbé e. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa ti kó o ní kékeré láìmọ̀. Lára ẹni tí ó bá dàgbà kí ó tó kó o ni ó sábà máa ń le.

Oògùn apakòkòrò kò ràn án; ampicillin àti amoxicillin tilẹ̀ lè mú kí ara aláìsàn sú. Ìsinmi, omi mímu, fífi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọ̀fun, àti paracetamol fún ìrora, ni ìtọ́jú rẹ̀. Bí mímí bá ṣòro, tàbí bí ìhà òsì ikùn bá dédé dunni gidigidi, ilé ìwòsàn ni kí a sáré lọ.

Ibà lè lọ láàrin ọ̀sẹ̀ 2, kí àárẹ̀ ṣì kù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yà inú kan lábẹ́ egungun ìhà òsì a sì máa wú, tí ìṣubú kan ṣoṣo lórí pápá lè fà á ya. Nítorí náà ni oníṣègùn fi ka bọ́ọ̀lù àti iṣẹ́ agbára léèwọ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ 3, ó kéré tán. Àwọn tí ó rí mi lábẹ́ igi nígbà tí ẹgbẹ́ ń ṣán koríko kò rí èyí tí ń bẹ nínú.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la àwa náà yóò dúró níwájú kíláàsì, ọmọ kan yóò sì gbé orí lé tábìlì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í bí ara rẹ̀ ti rí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.