Koríko Orí Ebè

Ìdúmọ̀tà ní Èkó ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń ta èlùbọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí Ṣakí, kí n lọ fojú rí ibi tí ọjà ti ń wá. A gba Abẹ́òkúta, a gba Ìsẹ́yìn, ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé. Àgbàrá ti jẹ ẹ̀gbẹ́ títì wọnú níbi púpọ̀.

Láàárọ̀, bàbá tí a ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ mú wa lọ sóko. Àwọn oko tó yí tirẹ̀ ká ti jóná, ilẹ̀ wọn dúdú kirikiri. Tirẹ̀ kò rí iná. Ó to pòròpórò ọkà bàbà ní ìbú níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ó sì fi koríko gbígbẹ dé orí ebè kọ̀ọ̀kan.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sun tiyín?”

“Ọmọ mi, bí mo bá sun ún, kí ni òjò àkọ́rọ̀ máa bá nílẹ̀?”

Ó ṣí koríko orí ebè kan, ó ní kí n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ tutù. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ oko kejì, ó gbóná bí agbada.

Ìyàwó rẹ̀ sun iṣu fún wa, ó bu epo sí i. Omi tí a fi ṣan ọwọ́, kò dà á nù: inú igbá ló gbà á sí, ó sì lọ rọra dà á sí ìdí ọmọ igi irúgbá kan. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ru omi náà wá. Iṣu yẹn dùn, ṣùgbọ́n igbá omi yẹn ni mi ò lè gbàgbé.

Nítorí àwọn òkè ẹ̀bá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó rìn tó 480 kìlómítà kó tó wọ ọ̀sà Èkó, Àkúté ni wọ́n sì ti ń fa omi rẹ̀ fún ẹ̀rọ omi wa. Ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò kì í mu òjò dáadáa. Àgbàrá á kó erùpẹ̀ rẹ̀ sódò, odò á ya lójò, á fà lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì lè sọjí: ní Yatenga, ní Burkina Faso, níbi tó gbẹ ju Ṣakí lọ, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo gbẹ́ kòtò kéékèèké sílẹ̀ líle, ó kó ìgbẹ́ ẹran sí i, ó gbin ọkà bàbà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti pa tì di oko, ó di igbó. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018. Ó kú ní 2023.

Ọkọ̀ tó gbé èlùbọ́ wa padà, àpò èédú ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, Èkó ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èédú dáná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín: igi wo ni wọ́n gé, orí òkè wo ni wọ́n ti gé e?