Annie Moore àti Sàréè Tí Kò Ní Òkúta

Afẹ́fẹ́ tó wà lójú omi lọ́jọ́ náà kò kéré. Láti ìsàlẹ̀ Manhattan ní New York títí a fi dé Ellis Island, ṣe ni mo ń fi ọwọ́ di fìlà mi mú. Nígbà tí mo sì wọlé, ère ọmọbìnrin kan ni mo rí tí òun náà di fìlà tirẹ̀ mú. Annie Moore ni.

Ará Cork ní ilẹ̀ Ireland ni. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ṣáájú lọ sí New York. Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì, Anthony àti Philip, wọ ọkọ̀ Nevada ní èbúté Queenstown, tí à ń pè ní Cobh nísinsìnyí. Ọmọ ọdún 17 ni, bí àwọn oníwèé ìròyìn tilẹ̀ kọ 15. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1892 tí wọ́n ṣí ibodè tuntun náà, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní owó wúrà dọ́là 10. (Ilé tí a ń wò lónìí kọ́ ni ó wọ̀ o. Igi ni wọ́n fi kọ́ tìgbà náà, iná sì jó o ní 1897.)

Ọ̀rọ̀ ẹbí rẹ̀ ni ó dá mi dúró. Ó pẹ́ tí wọ́n ti gbà pé Annie kan ní Texas, tí ọkọ̀ ojú irin ìgboro pa ní 1923, ni Annie yìí. Wọ́n ń pe àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ sí ayẹyẹ. Àṣé Illinois ni wọ́n bí ìyẹn sí! Megan Smolenyak, obìnrin tí ń tọpa ìran ẹbí, ni ó tú u fó. Ó ṣèlérí dọ́là 1,000 fún ẹni tí ó bá rí Annie gidi, òtítọ́ sì jáde ní 2006.

Annie gidi kò fi New York sílẹ̀. Àdúgbò mẹ̀kúnnù ni ó gbé. Ní 1895 ó fẹ́ Joseph Schayer, ọmọ ará Jámánì, tí ó ṣiṣẹ́ ní ọjà ẹja Fulton. Ó bí tó ọmọ mẹ́wàá, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Márùn-ún péré ni ó dàgbà. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ mọ ohun tí mo ń wí. Ó kú ní 1924, wọ́n sì sin ín sí Calvary ní Queens láìsí òkúta kan lórí sàréè.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni a sin bàbá bàbá mi sí; mo rò ó títí, ó ṣe mí ní kàyéfì.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008 ni wọ́n tó fi òkúta ilẹ̀ Ireland ṣe àgbélébùú sórí sàréè náà, lójú àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀.